Ọgbà ilẹ̀ àdúrà wa: èèyàn mẹ́fà la ṣẹ́ kù, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń bọ̀

Ìyá Ọgbà (Ìperu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ ọgbà ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ìjọ Aládùúrà ni tiwa. Ilẹ̀ àdúrà wa wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ó tó plọ́ọ̀tì mẹ́ta. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ máa ń sùn síbẹ̀, aláìsàn ń wá jókòó lábẹ́ igi, ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú ń rìn yí i ká lóru. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, a kéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ sin Ọlọ́run wá ká jọ sọ ibẹ̀ di ọgbà. Èèyàn 23 ló forúkọ sílẹ̀. A gbin hibiscus àti bougainvillea sétí ògiri, a tẹ́ koríko, a gbin ọsàn mẹ́rin àti mángòrò méjì, a sì kọ ebè ẹ̀fọ́ mẹ́jọ: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ẹ̀fìnrìn. Òjò ló ń bá wa bomi rin ín, gbogbo rẹ̀ ń dán.

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ báyìí, a sì ṣẹ́ ku mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kànga kan la ní, okùn àti korobá la fi ń fà á. Ewúrẹ́ àdúgbò ti mọ ọ̀nà. Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà lórí ilẹ̀ àdúrà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá wa ro ìdí igi ló tẹ ìṣó nínú koríko lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wá mọ́. N kò lè dá ìyá náà lẹ́bi.

Ọgbà yìí kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́ lásán. Obìnrin kan wà tí ọmọ rẹ̀ kú lóṣù kẹjọ. Ó wá, ó jókòó ti ebè ẹ̀fìnrìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàtàrí, ó ń fọwọ́ ra ewé rẹ̀, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń wá. N kò fẹ́ kí ebè yẹn gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú ọgbà báyìí rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Nọ́sìrì (Ṣàgámù)

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Ìyá. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta igi òdòdó, ọ̀pọ̀ ilé àdúrà ló sì ti ra igi lọ́wọ́ mi tí ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ pa á. Wọ́n ń gbin ọgbà fún iye èèyàn tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iye tó máa ṣẹ́ kù ló yẹ kí wọ́n gbìn ín fún.

Nítorí náà, ẹ yan ohun tí ẹ máa bomi rin. Koríko yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Á pọ́n, á dà bíi pé ó ti kú, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ò bá tẹ̀ ẹ́ jù, gbòǹgbò rẹ̀ á tún sọ nígbà tí òjò oṣù kẹta bá bẹ̀rẹ̀. Bougainvillea ò bìkítà fún omi, inú ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ló ti ń yọ òdòdó jù. Ewúro tó ti fìdí múlẹ̀ ò ní kú. Ọsàn àti mángòrò ni kí ẹ gbà là, torí ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń pa igi eléso. Ẹ fi ọkọ́ kó ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká bí ẹnu àwo, kí ẹ da odindi korobá omi kan sí i ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má ṣe wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Òkè ni gbòǹgbò rẹ̀ á máa wá omi sí, oòrùn á sì bá a níbẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ló ń mu omi lójoojúmọ́. Ẹ dá ebè méjì sí nínú mẹ́jọ, ti ẹ̀fìnrìn yẹn àti ọ̀kan tó sún mọ́ kànga. Kí mẹ́fà yòókù sinmi. Ẹ wá bo gbogbo ìdí igi pẹ̀lú ewé gbígbẹ tàbí koríko tí kò tíì so, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó má kan ara igi, torí ikán àti torí jíjẹrà. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ká bomi. Omi ọ̀sán, oòrùn ló ń mu ún.

Ìyá Ìbejì (Ìlíṣàn)

Bàbá Nọ́sìrì ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ti ìkòkò kún un.

Ìkòkò amọ̀ tí wọn ò kùn, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú omi mímu: ẹ rì í sáàárín ebè títí dé ọrùn, ẹ rọ omi kún un, ẹ fi nǹkan dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Omi á máa yọ́ jáde lára amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tó bá gbẹ ló ń fà á. Tèmi gba bíi líta 10, mo ń rọ omi sí i ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kódà nínú ọyẹ́. Mo gbin ẹ̀fọ́ yí i ká, kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Kí ẹ tó rà á, ẹ rọ omi sí i lálẹ́. Bí ara rẹ̀ bá tutù rin-rin lówùúrọ̀, ó dára. Ìkòkò tó ń dán, tí wọ́n ti kùn, kò lè yọ́ omi. Ẹni tí kò bá rówó ìkòkò lè lu ihò wẹ́wẹ́ méjì sí ìdí ike kó sì rì í, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ tètè ń dí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọkùnrin kì í dá. Ìjọ mi kì í jẹ́ kí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù wọ ilẹ̀ mímọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ní láti pa iṣẹ́ tì lóṣooṣù, tí kò sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ìdí tí kò fi wá, ó máa ń rọrùn fún un láti má wá mọ́ pátápátá. A wá ṣe ibi tí a ti ń tọ́ irúgbìn síta, lẹ́yìn ògiri. Níbẹ̀ la ti ń gbin hóró èso sínú ọ̀rá dúdú, tí a ti ń po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ yẹ̀pẹ̀, tí a ti ń ṣa irúgbìn. Ẹnikẹ́ni lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ èyíkéyìí, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ti fi wá sílẹ̀ ló padà.

Alhaja (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa náà. Ọgbà kékeré wà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, omi ló ń dà wá láàmú, títí ọ̀kan nínú àwọn ìyá fi wò ó pé ìgbà márùn-ún lójúmọ́ là ń da omi àlùwàlá nù sínú gọ́tà. Kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀. A bi Àáfà wa bóyá ó burú, ó ní kò burú. Wọ́n la ojú omi kékeré láti ibi àlùwàlá lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn. Láti ìgbà náà, a kì í pọn omi fún wọn mọ́.

Ẹ̀yin náà ń fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọ ilẹ̀ àdúrà, àbí? Níbo ni omi yẹn ń lọ? Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ìjọ yín o.

Ànábì wa sọ pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, ohun tí èèyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké tó ń bá wa gbé korobá nìyẹn. Wọ́n ń ka ẹyẹ.

Bàbá Àgbà (Òde Rẹ́mọ)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi lórí ọ̀ràn ẹsẹ̀ yìí, kí ẹnì kan tó ní kí ẹ máa wọ bàtà. Ọlọ́run ní kí Mósè bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa èèyàn, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní Aládùúrà lónìí ti ṣẹ̀. Àdúrà tí àwọn baba wa gbà lórí ilẹ̀ ló sọ ilẹ̀ di mímọ́. Bí ẹ bá wọ bàtà lónìí torí koríko, lọ́la ẹ ó wọ̀ ọ́ torí ẹrẹ̀, lọ́túnla ẹ ó gbé ọ̀kadà wọlé. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Ọmọ Ògèrè

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi náà ò lè fojú kékeré wo ohun tí ẹ sọ. Ògèrè ni wọ́n bí mi sí, níbi tí Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní 1930. Ọdọọdún ni mò ń rí àwọn èèyàn tó ń gun Òkè Tábórà, òkè àdúrà ìjọ náà, tí àjọ̀dún rẹ̀ ń parí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Mo mọ ohun tí ilẹ̀ àdúrà jẹ́ fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ìjọ tí èmi ń lọ kéré sí èyí, ìlú mìíràn ló sì wà. Ọ̀ràn bàtà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa náà. Àwọn àgbà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀, ohun tí wọ́n sì sọ nìyí: kí a ra bùútù róbà tuntun, kí wọ́n gbàdúrà sí i, kí ó má sì jáde kúrò lórí ilẹ̀ yẹn láé. Àpótí kan wà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá fẹ́ ro koríko á bọ́ bàtà ìta sílẹ̀, á fọ ẹsẹ̀, á wá wọ bùútù. Bó bá parí, á fọ̀ ọ́ níbẹ̀, á dá a padà. Bùútù náà ò tẹ títì rí, kò wọ ṣáláńgá rí. Fún ríro àti gígé nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ bomi tàbí já ewé, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wọlé. Kò sẹ́ni tó bá wa jà lórí rẹ̀ mọ́.

Ti ìṣó: ẹ wá gbohùngbohùn (sípíkà) tó ti bàjẹ́, kò sí ìjọ tí kò ní. Òòfà ńlá wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ máa wọ́ ọ lọ sókè sódò lórí koríko. A rí ìṣó tó kún agolo mílíìkì kan àti abẹ́rẹ́ mẹ́ta.

Bàbá Àgbà (Òde Rẹ́mọ)

Bùútù tí kì í jáde. Bí àwọn àgbà yín bá gbàdúrà sí i, n kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́. Olúwa á bù kún yín.

Nọ́ọ̀sì (Àgọ́-Ìwòyè)

Mo bẹ yín, kí gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì tún un gbà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ó sì fẹ́ràn ojú ọgbẹ́ tó jìn tí kò fẹ̀, irú èyí tí ìṣó ń dá. Bí nǹkan bá gún èèyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi eérú sí i, ẹ má fi bẹntiróò sí i.

Ejò náà ń bọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí omi àti torí eku abẹ́ òkìtì ewé. Ẹ jẹ́ kí òkìtì ewé jìnnà síbi tí àwọn èèyàn ń sùn, kí ẹ máa fi ọ̀pá tú u kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó bu èèyàn jẹ, ẹ má gbẹ́ ẹ lábẹ, ẹ má so ó pinpin. Kí ẹni náà má rìn, kí apá tàbí ẹsẹ̀ ọ̀hún wà lójú kan, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ mọ èyí tó ní oògùn ejò nítòsí yín kí ó tó di ọ̀ràn.

Ọmọ Arójò-joyè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìyá, ọjọ́ wo lẹ ń ṣiṣẹ́? Bó bá jẹ́ Sátidé, mo ti mọ ibi tí àwọn èèyàn yín lọ. Sátidé ni ìsìnkú, òun náà ni ìgbéyàwó. Ọjà tó bá sì jẹ́ ọrún-ọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yípo, nítorí náà ó ń bọ́ sí Sátidé lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ yẹ ìwé orúkọ wò, ẹ ó rí i pé lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìyá ọlọ́jà kankan. Wọn ò kọ̀ yín o, ọjà ni wọ́n wà. Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, lẹ́yìn Iléyá, ẹ má retí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ọdún Agẹmọ náà, àwọn ọ̀nà kan wà tí obìnrin ò lè gbà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la mú, wákàtí méjì péré. Bí aago bá lù, a dúró, kódà bí ebè bá ku ìlàjì. Lẹ́yìn náà a jẹun pọ̀, gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹja, ìkọ́kọrẹ́ bí ìyá kan bá ní ewùrà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò gbọdọ̀ fi ebi lọ sílé.

Ọmọ Onípèrègún (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni mí, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Pèrègún làwa fi ń sàmì sí ibi ọ̀wọ̀, òun náà sì lè sé ewúrẹ́ mọ́ta. Ẹ gé e ní ìwọ̀n gígùn apá, ẹ gbìn ín ní ìfúnpọ̀, ẹ wá fi ọparun dábùú láàárín rẹ̀, torí pèrègún nìkan tí kò tíì ki ò lè dá ewúrẹ́ dúró. Ìgbà òjò ni ká gbìn ín. Ní báyìí, ẹ gé e, ẹ fi í sínú korobá omi lábẹ́ òjìji. Á ti ta gbòǹgbò kí òjò tó dé.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbin lápálápá, torí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu ọmọdé bí ẹ̀pà. Níbi tí ọmọdé bá ti ń ṣeré, ẹ má gbìn ín.

Kí òjò tó dé, ìyá mi máa ń po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ omi, a sì ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ewé ọsàn kékeré. Ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tó ń rùn bí ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ẹ má wọ́n ọn sí ẹ̀fọ́ jíjẹ.

Akápò Tẹ́lẹ̀ (Ìkẹ́nnẹ́)

Kí ọsàn yẹn tó so, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Mángòrò ló tú ẹgbẹ́ tiwa ká. Ọdún mẹ́rin la fi tọ́jú ẹ̀. Ọdún tó so, àwọn kan láti inú ìgbìmọ̀ wá fi mọ́tò kó o lọ láàárọ̀ kùtù, àwọn tó ń pọn omi ò rí ẹyọ kan. Wọn ò bínú sókè. Wọn ò kàn wá mọ́. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ti ẹni tó ṣiṣẹ́, ti opó àti aláìní, ti ẹni tó wá gbàdúrà tí ebi ń pa.

Ìyá Àgbà (Ìṣarà)

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó ń jókòó ti ẹ̀fìnrìn yẹn, ṣé ẹ ti fún un ní igbá omi rí?

Èmi náà sin ọmọ. Gbogbo èèyàn ní kí n máa sinmi. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n bá òun máa wo ebè ilá òun, ó ní ojú òun ò ríran dáadáa. Irọ́ ló pa. Mo ń jí torí ilá yẹn. Èèyàn mẹ́fà kọ́ lẹ ṣẹ́ kù, Ìyá Ọgbà. Gbogbo àwọn tó ń sùn sórí ilẹ̀ yẹn lẹ ò tíì kà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ò lè ro oko, ṣùgbọ́n ó lè rọ omi ife kan sínú ìkòkò. Ẹ má fi ṣe ìjìyà fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n.

Ìyá Ọgbà (Ìperu)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, gbogbo yín. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n jábọ̀.

A ti fi koríko sílẹ̀. Ó ti ń pọ́n, ó ń dun àwọn kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ìkòkò mẹ́rin ti wà nínú ilẹ̀, méjì ní ebè ẹ̀fìnrìn, méjì ní ebè ẹ̀bá kànga. Àwọn àgbà ìjọ ní kí a dúró díẹ̀ lórí omi ìfọsẹ̀, wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí i, a ò sì yọ wọ́n lẹ́nu. Ti bùútù, wọ́n ti fọwọ́ sí i: márùn-ún dé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì gbàdúrà sí i lójú gbogbo ìjọ. Òòfà gbohùngbohùn kó ìṣó 31. Mo gbé wọn lọ fi han ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nílé rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ní òun á rò ó.

Mo fún obìnrin yẹn ní igbá. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá mi máa wo ìkòkò méjèèjì, pé ẹ̀yìn ń dùn mí, òótọ́ sì ni. Kò dáhùn. Ó gba igbá. Lánàá, mo dé ibẹ̀ ní aago méje àárọ̀, omi ti kún ìkòkò méjèèjì dé ọrùn, wọ́n sì ti já orí ẹ̀fìnrìn tó fẹ́ yọ òdòdó kí ó lè pẹ̀ka.

Ohun kan ló kù. Ọmọ Onípèrègún, pèrègún tí mo rí nítòsí wa ò tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ lápá Rẹ́mọ lọ́sẹ̀ yìí, tó lè bá wa gbé bíi ogójì igi, a ó san owó mọ́tò, oúnjẹ á sì wà nílẹ̀.

Ọmọ Onípèrègún (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ má san owó mọ́tò. Ẹ ti pọn omi sí korobá sílẹ̀ dè mí, kí ẹ sì sọ fún mi níbi tí mo ti máa bọ́ bàtà.